Wákàtí Tí Ìjọba Ò Kà

Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, gbogbo ẹnjinníà ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ̀ ní Calgary ló di wòlíì. Tí ìsìn bá parí, wọn ò ní lọ sílé. Inú páákì mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa dúró sí, snow ń bọ́ lé wọn lórí, fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa sọ fúnra wọn pé owó epo máa gòkè kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Oṣù tó ń bọ̀ yẹn á dé, epo á tún já sí i, wọ́n á tún sọ àsọtẹ́lẹ̀ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń wọ jákẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ tó lé e dànù, orúkọ iléeṣẹ́ náà gàdàgbà láyà rẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n, inú á sì máa bí mi.

Èmi náà wà lára wọn, kí n má purọ́. Iṣẹ́ páìpù gáàsì ni mò ń ṣe ní downtown kí wọ́n tó pè mí wọ yàrá kékeré kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọmọbìnrin kan láti HR, tí n ò rí rí, wá sọ fún mi pé òun mọ bó ṣe ń dùn mí tó. Kò mọ nǹkan kan. Wọ́n fún mi ní páálí pé kí n kó ẹrù mi sí i. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá ń gbé gbogbo bùkátà ilé wa ní Saddle Ridge, kò sì fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè jókòó sílé.

Nígbà òtútù ọdún yẹn, páìpù kan bẹ́ ní basement wa. A pe plọ́mbà. Ọmọkùnrin kan ló wá, kò ṣí fìlà, kò yára, kò sì bẹ̀ wá pé òun pẹ́. Ó ní àwọn tó ń pe òun pọ̀ débi pé òun ò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo dúró tì í bó ṣe ń gé páìpù, mo wá rò ó pé gbogbo ìlú ló ń sunkún, eléyìí nìkan ni kò ráyè jẹun. Ìgbọ̀nsẹ̀ ò mọ̀ pé epo ti já. Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti pinnu pé plọ́mbà ni màá dà.

Mo sọ ọ́ fún àwọn wòlíì inú páákì.

"Plọ́mbà ke?" Ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù rẹ̀ sílẹ̀. "With your Master's? Bro, ẹ má jẹ́ kí Madam gbọ́ o."

"It's just a phase," ni ti oníjákẹ́ẹ̀tì. "Oil máa bounce back. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó sàn kí ènìyàn jókòó sílé ti Master's rẹ̀ ju kó lọ tún ṣíńkì ẹlòmíràn ṣe. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo wọ mọ́tò mi.

Mo délé, mo ka ohun tí ìjọba Alberta ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe plọ́mbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ páìpù á mú sípánà, á tẹ̀lé ọ̀gá kiri, títí ọjọ́ tí ọ̀gá bá fún un ní freedom. Níbí, ìjọba ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan páìpù ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àfi tí o bá ní ìwé àṣẹ, tàbí tí o bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ iṣẹ́ yóò fi kọ́ ọ. Lọ́dọọdún, á ṣiṣẹ́ iye wákàtí tí wọ́n là sílẹ̀, á lọ jókòó ní kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á ṣèdánwò. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ níbòmíràn lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ ìdánwò ìkẹyìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Èmi ò sí lára ìyẹn. Àmọ́ kí gbogbo rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti gbàwé àṣẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní journeyman, gbọ́dọ̀ gbà ọ́ síṣẹ́, kí ó sì forúkọ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọjọ́ tí orúkọ bá wọlé ni kíka wákàtí bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, ì báà ṣe gbogbo páìpù Canada lo gbé lórí, òfo ni.

Mo pòṣé. Èmi tí mo ti gbé páìpù gáàsì gba abẹ́ odò kọjá, àwọn wọ̀nyí fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ṣíńkì. Ṣùgbọ́n òfin ni, mi ò sì wá sí Canada láti wá bá ìjọba jà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pe iléeṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́lé ti dáwọ́ dúró, ibi gbogbo tí mo pè ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn ò gbèèyàn. Ará Punjab kan tí ilé wa jọ kọjú síra sọ fún mi pé ọmọ òun tó ti gbàwé àṣẹ gan-an wà nílé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù inú fídíò.

Ní fellowship wa, ọkùnrin kan wà tó ní van. Wọ́n fi lẹ́tà búlúù kọ plumbing and heating sára rẹ̀. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, òun náà ti ṣe ẹnjinníà rí, ó ti fi epo sílẹ̀ kí epo tó fi àwa yòókù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Mo fẹ́ kàn pè é lórí fóònù, ìyàwó mi kọ̀.

"Daddy, ẹ ò lè fi phone bẹ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn nílé."

A lọ lọ́jọ́ Saturday, a mú àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì dání pẹ̀lú páálí malt kan. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Àgbà yẹn ló sọ̀rọ̀ fún mi: "Ọmọ wa rèé o. A fà á lé yín lọ́wọ́." Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì gbàdúrà. Ó gbàdúrà nípa layoff, ó gbàdúrà nípa snow, ó ní gbogbo ọ̀tá tó jókòó sínú HR tó ní orúkọ mi lọ́wọ́ kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. A ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ gbé ráìsì àti gizzard wá. Nígbà tí mo fi dìde, mo ti gbà pé mo ti di ọmọ iṣẹ́.

Nínú mọ́tò, mo sọ fún ìyàwó mi pé wọn ò mẹ́nu ba registration.

"Ẹ ò lè bi wọ́n nírú ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yín," ó dáhùn. "Wọ́n á ní ẹ ò fọkàn tán wọn."

Òótọ́ ló sọ, mo sì gbà. Èmi tí kì í fọwọ́ sí ìwé kan ní ọ́fíìsì láìkà á dé ìsàlẹ̀, mo tẹ̀lé ọkùnrin kan wọ van nítorí pé ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Tí òyìnbó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, màá ti bi í léèrè nǹkan bíi ogún kó tó ṣí ẹnu. Àgbà tó gbàdúrà fún ènìyàn, ta ló ń bi í léèrè?

Láti ìgbà tí snow yọ́ títí tí òmíràn fi tún bẹ̀rẹ̀ ni mo fi tẹ̀lé e. A ṣe basement ní Saddle Ridge, a ṣe àwọn ilé àtijọ́ ní Abbeydale tí òórùn gọ́tà wọn máa ń bá mi dé orí tábìlì oúnjẹ. Èmi ni mò ń gbé hot water tank gun àtẹ̀gùn, òun ni ó ń gba fóònù. Ó mọ iṣẹ́ níwọ̀nba, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó bá gba permit lọ́wọ́ city, èyí tí wọ́n máa ń rán ẹni wá yẹ̀ wò, kì í gbà á. Ó ní wàhálà wọn ti pọ̀ jù. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu kó má bàa dà bí ìjà, pé ọ̀rọ̀ registration mi ńkọ́.

"Àbúrò, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Àbí o ò trust mi ni?"

Tí àgbà bá ti bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ parí. Mo ní mo trust wọn.

Àwọn wòlíì inú páákì náà ń pè wá sílé wọn. Lọ́jọ́ kan, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ṣíńkì oníjákẹ́ẹ̀tì, ó wọlé pẹ̀lú súùtù, ó ní òun ń bọ̀ láti interview. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ mi lọ mú omi nínú fíríìjì. "Ah, bro, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?" ó ní. "God is in control."  Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá padà.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́ ní McKenzie Towne. Ìyá òyìnbó kan fẹ́ kí a ṣe balùwẹ̀ sí basement òun. Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀ pé ìyá yẹn ti lọ gba permit fúnra rẹ̀. Ọ̀sán ni, a ti la ilẹ̀, páìpù ti wà nínú kòtò, a kàn rí i tí ọkùnrin kan láti city ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rí i. Ó fi ọwọ́ nu ara ṣòkòtò rẹ̀.

"Let me grab an elbow from the truck," ó ní, bí ẹni pé irin ìsopọ̀ páìpù kan ló kù.

Ó gun òkè lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbọ́ tí van dún níwájú ilé, mo gbọ́ tó lọ.

Ọkùnrin náà tan iná sínú kòtò, ó wo páìpù. "Who's your journeyman?" ó bi mí. Mo nawọ́ sí àtẹ̀gùn. Ó wo àtẹ̀gùn, ó wò mí. "And you're registered, bud?"

"Yes, sir," ni mo sọ, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí wọ́n ti gbàdúrà fún.

Ó ní kí n lọ wádìí dáadáa, kí n má sì fọwọ́ kan páìpù yẹn mọ́ títí òun á fi rí ìwé àṣẹ ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ì bá dín ìrora náà kù. Nígbà tó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n padà dé. Donut ló rà bọ̀. Kò sí elbow.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ọ́fíìsì ìjọba. Obìnrin kan gbé e. Ó ní kí n pe orúkọ mi ní lẹ́tà lẹ́tà, ó wá a, kò rí i. Ó tún wá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kò sí orúkọ yẹn lọ́dọ̀ àwọn, kò sì sí níbẹ̀ rí.  Mo bi í bóyá ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè fi ka èyí tí mo ti ṣe.  Ó ní tí ọ̀gá mi bá ní ìwé àṣẹ, kí ó pe àwọn fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà, àwọn á wo ohun tí àwọn lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ti fi ẹ̀yìn mi gbé láti ìgbà ìrúwé ṣe wà lórí ìpè kan ṣoṣo.

Mo bá Ẹ̀gbọ́n nínú van níwájú ibi tí a ti máa ń ra ẹrù. Mo sọ ohun tí obìnrin náà sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n. Ìpè lásán ni."

Ó yí ohùn rédíò sókè. "Ta ló ní kó o lọ pe àwọn èèyàn yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"You want to put my name in government mouth? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ẹ?" Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi láti inú lọ́hùn-ún. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo fellowship ti gbọ́ pé mo fẹjọ́ Ẹ̀gbọ́n sun ìjọba. Àgbà tó bá mi gbé malt lọ yẹn pè mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ ta ẹni tó gbà mí síṣẹ́. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ Sunday nílé Ẹ̀gbọ́n. Ta ni mo bá níbẹ̀? Àwọn wòlíì inú páákì. Àwọn tí kò ríṣẹ́ fún ara wọn ló jókòó lórí àga láti ṣèdájọ́ iṣẹ́ tèmi. Oníjákẹ́ẹ̀tì ní kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi tẹ ọwọ́ mi díẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"N ò bá ẹnikẹ́ni jà," ni mo sọ. "Mo kàn fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n pe ọ́fíìsì yẹn kí wọ́n lè ka iṣẹ́ tí mo ti ṣe. That's all."

Àgbà yẹn yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Kí ló wá le nínú ìyẹn? Ẹ bá a pè wọ́n kó tán."

Ẹ̀gbọ́n ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní high school, ló wọlé láti wá mú charger rẹ̀ lára ògiri. Ó ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Is this about the plumber exam?" ó bi wá. "Daddy's writing it again in the spring. He studies in the basement, we're not even allowed to go down there."

Ó yọ charger, ó gun òkè lọ.

 Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì, dáwọ́ dúró. Mo wo ọkùnrin náà, mo wá mọ̀ pé kò lè pè wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì gbàwé àṣẹ, kò lè forúkọ mi sílẹ̀, kò lè jẹ́rìí fún mi, ìtìjú ò sì jẹ́ kó lè sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe ti lọ lófo. Oníjákẹ́ẹ̀tì tún ọ̀fun ṣe, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Àwọn yòókù di ojú. Mo dìde, mo jáde sínú snow láìwọ kóòtù, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ van yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Inú ń bí mi, ojú ń tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Oṣù mélòó kan ni mo fi wáṣẹ́ kiri kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní southeast. Obìnrin ló ni ín, journeyman ni, oko ni wọ́n bí i sí ní Saskatchewan, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tèmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò bi mí nípa ìyàwó, kò bi mí nípa ọmọ. Sáńwíìṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ kejì tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní kí n mú ID wá. Kí sáńwíìṣì náà tó tán, orúkọ mi ti wà lọ́dọ̀ ìjọba.

"You're in," ó ní. "Grab a shovel."

Mo fojú tín-ín-rín òun náà. Ènìyàn gba ọmọ iṣẹ́ bí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì train. Orúkọ mi gan-an, kò rí i pè títí dòní. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù yẹn, mo wo ojú ìwé tèmi lórí ẹ̀rọ ayélujára, mo rí wákàtí tó wà níbẹ̀, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. A jọ wò ó. Inú rẹ̀ dùn jù mí lọ.

Mo ti yege ìdánwò ọdún kìn-ín-ní nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè mí. Àkókò lunch ni, mo wà nínú mọ́tò iṣẹ́. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bí snow ṣe rí lọ́dọ̀ wa, àfi bí ẹni pé kì í ṣe ìlú kan náà la ń gbé. Mò ń dá a lóhùn ní kúkúrú kúkúrú.

"Mo tún fail exam yẹn," ó sọ ọ́ lójijì. "City náà sì ti ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan páìpù ẹnikẹ́ni mọ́. Van kàn wà níwájú ilé."  "Ọ̀gá ẹ yẹn, ṣé ó lè gba ẹlòmíì?"

"Ta ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni o."

Ó pẹ́ tí mo ti ń to èsì kan jọ fún ọkùnrin yìí. Mo ti sọ ọ́ nínú mọ́tò, mo ti sọ ọ́ nínú balùwẹ̀, mo mọ ibi tí màá ti pariwo àti ibi tí màá ti rẹ ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo sọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi í."

Mo bi í lóòótọ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé àgbàlagbà ni, pé ó mọ iṣẹ́ níwọ̀nba, pé kò ní ìwé. Ó ní ọ̀nà àtigba ìwé yẹn gan-an ni àwọn á bẹ̀rẹ̀ fún un. Ó ní kó wá lọ́jọ́ Monday, aago méje. Mo pe Ẹ̀gbọ́n padà, mo sọ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n á máa pe òun níbẹ̀.

"Apprentice," ni mo sọ. "First year."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Second year."

Ó pòṣé.

"Pé kí n máa gbé páìpù tẹ̀lé ẹ, àbúrò?" ó ní. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó pa fóònù.

Mo rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò yẹn títí tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà tí mo délé, òun ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Monday, mo dé ṣọ́ọ̀bù kí aago méje tó lù, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù. Gbogbo mọ́tò tó bá yà wọlé ni mò ń yọjú wò, bóyá van Ẹ̀gbọ́n ni. Ọ̀gá mi jáde wá bi mí pé ta ni mò ń dúró dè.

Mo ní kò sẹ́nì kankan.